Ìránṣẹ́ Ọkọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Fiifi wálé sí Moree, ìlú apẹja kan nílẹ̀ Fante, ọjọ́ tí òkun ń sinmi, tí apẹja kankan kì í fọwọ́ kan omi rẹ̀. Gbogbo wọn wà lábẹ́ àtíbàbà etíkun, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Kobina Gyepi, bàbá rẹ̀, jókòó láàárín wọn. Bósìn ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ti ń pe olórí ọkọ̀ ìpẹja ní gbogbo ilẹ̀ Fante. Bósìn ló ń sọ ibi tí wọn yóò da àwọ̀n sí. Nínú ọkọ̀ Gyepi, òfin kan tún wà: ọ̀bẹ bósìn nìkan ló gbọ́dọ̀ gé àwọ̀n.

Òfin yìí ló lé Fiifi kúrò nílé. Lọ́dún kan, àwọ̀n tuntun há mọ́ àpáta nísàlẹ̀ omi, ìgbì ń ga, ọkọ̀ sì ń tẹ̀. Gyepi ní kí wọ́n máa fà á. Àwọ̀n ló ń rò, kò ro ẹ̀mí ènìyàn. Fiifi fa ọ̀bẹ yọ, ó gé e. Gbogbo wọn gúnlẹ̀ láàyè. Bàbá rẹ̀ sì lé e kúrò nínú ọkọ̀ lójú gbogbo wọn, ó ní ọmọ tí kò mọ bósìn kò lè mọ bàbá. Ọmọ bá gba èbúté Takoradi lọ, ó wọ ọkọ̀ ńlá òyìnbó.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ti Gyepi kò tilẹ̀ pẹ́; orí ẹní ló ti bá a lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ó mọ̀ pé ọmọ òun ló jàre. Ó ti pinnu pé ọjọ́ tí ọmọ náà bá dé, lójú àwọn tí òun ti dójú tì í níwájú wọn náà ni òun yóò ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n agídí pọ̀ lórí ọkùnrin yìí ju irun lọ.

Fiifi ṣí fìlà, ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ láti apá ọ̀tún wá, títí ó fi kan bàbá rẹ̀.

“Fiifi! Òyìnbó ò tíì jẹ ẹ́ tán?” Essilfie ló sọ bẹ́ẹ̀, atukọ̀ tó dàgbà jù.

“Ẹran mi yi, Bàbá. Wọ́n jẹ ẹ́ tì.”

“Ta ni bósìn níbẹ̀?”

“Wọ́n ní bósìn, àmọ́ òun kọ́ lọ̀gá. Kápútẹ́nì ló ń rán an níṣẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ méjì làwọn ará àtijọ́ wọn so pọ̀ di bósìn: ọkọ̀ àti ọmọ-ọ̀dọ̀. Ìránṣẹ́ ọkọ̀ ni bósìn. Àwọn bàbá wa tó bá wọn ṣiṣẹ́ ló gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, wọ́n gbé e wálé, wọ́n fi joyè.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Bósìn, ẹ ò gbọ́?” ni Essilfie wí. “Ẹ dìde, ẹ lọ gbá inú ọkọ̀!”

Inú bí Gyepi. “Ṣé torí kó o lè pè mí lọ́mọ-ọ̀dọ̀ lo ṣe wá láti Takoradi?”

“Rárá o, Bàbá.” Fiifi kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. “Wọ́n ti fi mí ṣe bósìn. Àárọ̀ ọ̀la la máa ṣí. Ẹ bá mi bu omi òkun sọ́wọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni bósìn àgbà ṣe ń súre fún tuntun ní ìdílé wọn. Ẹni tí wọn kò bu omi sí lọ́wọ́, bí aláìníbàbá ló ń lọ sójú òkun.

“Omi òkun, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?” Gyepi fi èèwọ̀ bojú. “O ò wá mọ ọjọ́ mọ́?”

“Omi àná wà nínú korobá yẹn,” ni Essilfie sọ wẹ́rẹ́.

Korobá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Gyepi. Ó rí i. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọ̀n. Fiifi na ọwọ́ méjèèjì síwájú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbọn iyanrìn eékún rẹ̀ nù.

“Mo ti gbọ́, Bàbá. Ó dàbọ̀.”

Ó ti lọ tán kí abẹ́rẹ́ tó jábọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Gyepi gbé korobá, ó sáré gba ọ̀nà títì, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Eruku lọ́rì tó gbé Fiifi lọ ló bá níbẹ̀.

Nígbà tó padà, ó dúró níwájú wọn, èémí rẹ̀ ń já.

“Lọ́jọ́ tó gé àwọ̀n yẹn, òun ló jàre. Òun ló sin ọkọ̀. Èmi, ara mi ni mò ń sìn.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

“Bósìn,” ni Essilfie wí, “gbogbo wa la ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Àwa kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún.”