Ọyẹ́ Dé Bá Ọwọ́ Ahunṣọ

Ẹni tó bá ní ọyẹ́ ò ju kéèyàn da aṣọ bora lọ, onítọ̀hún ò gbé Ìsẹ́yìn rí ni. Ọyẹ́ ọdún tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àlééfà yẹn, ewúrẹ́ gan-an ń wá ẹ̀gbẹ́ iná sùn sí. Ètè ń bẹ́, gìgísẹ̀ ń là, ṣùgbọ́n ti Ládòkun ahunṣọ ló burú jù, nítorí ọwọ́ ni ọyẹ́ bá a jà. Ìka rẹ̀ wú, wọ́n pọ́n, wọ́n ń yún un bíi pé èèrà wà lábẹ́ awọ. Oríkèé wọn sì là tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ tó bá ti di ọwọ́ pọ̀.

Òrí ni oògùn rẹ̀, ta ni kò mọ̀? Àwáwù ìyàwó rẹ̀ ní odidi igbá òrí nílé. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé òwú funfun ni Ládòkun ń hun, òwú funfun kò sì gbọdọ̀ fojú kan òróró. Tí òrí bá ti kan aṣọ òfì, kò sí ọṣẹ tó ká a. Nítorí náà, tí Àwáwù bá fi òrí pa á lọ́wọ́ tán lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ọkọ á ti máa fi ọṣẹ dúdú àti omi tútù fọ̀ ọ́ dànù. Ọṣẹ á ta á, omi á gan án, ojú egbò tó ti fẹ́ẹ́ pa dé á tún là. Ohun tí alẹ́ bá tún ṣe, òwúrọ̀ á bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti sú Ládòkun.

Ará àdúgbò kan tún ní kó máa yá ọwọ́ náà lórí ẹyín iná. Ó yá a. Háà! Ṣe ni yíyún náà di ọ̀tun, tí kò jẹ́ kó rójú sùn. Ó ní kí ẹni tó kọ́ òun nírú ìyẹn lọ ki tiẹ̀ bọná.

Kí ló dé tí kò kúkú sinmi? Aṣọ yìgì Sàfúrátù àkọ́bí rẹ̀ ló ń hun. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni yìgì, aránṣọ sì ti ń retí aṣọ. Nínú agboolé tiwọn, ọmọ ahunṣọ kì í wọ aṣọ tí ọwọ́ ẹlòmíràn hun lọ sílé ọkọ. Bàbá tó bímọ ló ń hun ún. Bí bàbá kò bá hun ún, wọ́n á ní kò fẹ́ràn ọmọ náà dénú, ẹnu aráyé á sì bá ọmọ dé ọ̀dọ̀ àwọn àna.

Yẹ̀kínì, àbúrò Ládòkun, tí òfì tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní gbàgede, ti bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín parí ẹ̀. Òwú yín náà ni, òfì yín náà ni. Ta ló máa mọ̀?"

"Ìwọ Yẹ̀kínì, ṣé ẹnu rẹ yìí ló máa pa á mọ́?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, Ládòkun jókòó sídìí òfì, ó ti ẹsẹ̀ bọ ìtẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì ju ọ̀kọ̀ òwú, ó fi ọ̀tún mú un. Kò tíì lọ jìnnà tí àtàǹpàkò rẹ̀ fi ya. Ẹ̀jẹ̀ kán sójú aṣọ. Ó sáré fi itọ́ nù ún, ṣe ni ó fẹ̀ sí i. Láìláà! Ó wo àbàwọ́n náà, ó wo òwú tó kù nílẹ̀ lọ súà, ó sì fi orí ti igi òfì.

"Ó rẹ̀ mí," ló wí. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀.

Sàfúrátù ló gbé ẹ̀kọ gbígbóná bọ̀ fún un, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ náà. Ó gbé ẹ̀kọ sílẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ dìde."

"Kí lo wí?"

"Ẹ ní ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ hun ún. Ṣé ẹlòmíràn lèmi náà ni?"

Yẹ̀kínì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ọmọ náà kò ṣeré, ẹ̀rín náà gbẹ. Obìnrin a máa ká òwú, a máa ta aṣọ, ṣùgbọ́n ìdí òfì gbàgede, ti ọkùnrin ni. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi wá ṣẹ̀sín kiri Ìsẹ́yìn ni?"

Inú bí Ládòkun. Ó fẹ́ jágbe mọ́ ọmọ, ó fẹ́ jágbe mọ́ àbúrò, ṣùgbọ́n agbára igbe gan-an kò sí mọ́.

"Ta ló kọ́ ọ?" ló bi ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni. Gbogbo ìgbà tí mò ń ká òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ṣé ojú mi fọ́ ni?"

Ládòkun yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú ìtẹsẹ̀, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sàfúrátù tún ìró ró, ó wọlé sáàárín igi òfì, ó tú ibi tí ẹ̀jẹ̀ kán sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún.

Yẹ̀kínì pòṣé, ó dojú kọ iṣẹ́ tirẹ̀. Àwáwù sáré gbé òrí jáde, ó fi pa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lójúmọmọ, níṣojú gbogbo èèyàn, kò sì sí ẹni tó ní kó lọ fọ̀ ọ́.

Etí aṣọ wọ́ díẹ̀. "Má fà á jù," ni Ládòkun wí jẹ́jẹ́, ọmọ sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà etí aṣọ tọ́. Ó gbé ọwọ́ lé itan, ó gbé e sílẹ̀, ó ká a mọ́ àyà. Láti kékeré ló ti ń hun aṣọ, kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé ọwọ́ tí kò níṣẹ́ sí. Ó fi méjèèjì bojú, ó sunkún.

Sàfúrátù gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn. Aṣọ kò tíì parí.