Ààrò Tó Wà Lábẹ́ Sàláàdì

Ọjọ́ Àìkú mẹ́fà gbáko ni Adéjọkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi wá Ìyá Ọlábísí kí wọ́n tó rí i ní Ekpè, lábẹ́ igi àgbọn kan, níbi tó jókòó sí tó ń bó ẹ̀pà. Nígbà tí wọ́n rí i tán, ó ní òun kò ní í sọ ohunkóhun fún wọn.

"N kì í jókòó sí Ekpè sọ ìtàn Kùtọnú," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ fi ilé rẹ̀ han àlejò, ṣé ìlú mìíràn ni yóò ti máa nawọ́ sí i? Ẹ gbé mi débẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mi bá ti tẹ ilẹ̀ náà, ẹnu mi á là fúnra rẹ̀."

Àwọn mẹ́ta ló kúnlẹ̀, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Adéjọkẹ́ ni akọ̀wé wọn. Ọmọ Pobè ni, olùkọ́ ìjọba ní àdúgbò Gbégamey ní Kùtọnú, tí àwọn òbí ọmọ ń pè ní Mètírẹ́ẹ̀sì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí kì í jáde láìmú kàyé, ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, àti pẹ́ńsùlù méjì lọ́wọ́. Lucien ni alága. Ayafọ́tò ni òun, ọmọ Àgùdà láti Àjàṣẹ́, ó ga, ó tínrín, kámẹ́rà kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Rájí ló kéré jù nínú wọn, awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ kó búrẹ́dì káàkiri ilé àwọn ọlọ́lá Kùtọnú. Òun ló máa ń pe Lucien ní Fòfó, bí àwọn ará Kùtọnú ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn.

Iyàn ló bí ẹgbẹ́ náà. Ní ìparí ọdún 1960, tí òmìnira Dàhòmẹ̀ ṣì tutù lẹ́nu gbogbo èèyàn, wọ́n ń jiyàn ní ṣọ́ọ̀bù Lucien lórí ohun tó wà ní àdúgbò wọn kí wọ́n tó la títì síbẹ̀. Lucien ní omi ni. Rájí ní igbó ni, pé bàbá òun pa ọ̀yà níbẹ̀. Adéjọkẹ́, tó wá ya fọ́tò, ní kí wọ́n yé pariwo, kí wọ́n lọ bi àgbà. Àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi ní omi ni, èkejì ní igbó ni, ẹ̀kẹta bi wọ́n bóyá wọn kò níṣẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jáde ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú láti bi àwọn arúgbó léèrè ọ̀rọ̀, kí Adéjọkẹ́ máa kọ ọ́, kí Lucien máa ya fọ́tò. Àwọn ará Gbégamey sì sọ wọ́n ní Ẹgbẹ́ Kí-Ló-Wà-Níbí-Tẹ́lẹ̀. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta fẹ́ràn orúkọ náà débi pé Adéjọkẹ́ kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú kàyé.

Ibi gbogbo tí wọ́n dé ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà: obìnrin kan wà ní Ekpè tó se oúnjẹ fún àwọn tó kọ́ wọ́ọ̀fù, afárá irin gígùn tó wọ inú òkun ní Kùtọnú.

Ọlábísí, ọmọ ìyá náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló yanjú ọ̀rọ̀. "Ẹ máa gbé e lọ," ó ní. "Kí ẹ sáà dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń bá mi jà pé n kì í mú òun jáde."

Ìyá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rájí. Adéjọkẹ́ àti Lucien wọ ẹ̀yìn, láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Òkùnkùn biribiri. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò, búrẹ́dì a bọ́ lé wọn lórí, ìyẹ̀fun a sì tú sókè. Wọ́n ń gbọ́ ohùn ìyá láti iwájú.

"Ṣé bó ṣe ń rìn náà nìyí? Kẹ̀kẹ́ kan mà ti kọjá wa."

"Ìyá, mi ò fẹ́ kó máa jù yín ni."

"Kó máa jù mí. Jíju ni mo wá ṣe."

Ni Rájí bá tẹ̀ ẹ́. Adéjọkẹ́ di apẹ̀rẹ̀ mú, Lucien di kámẹ́rà mú, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n nínú òkùnkùn náà, ẹ̀rín tí kò nídìí, irú èyí tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ti fẹ́ dákẹ́, ẹnì kejì a tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Rájí ṣílẹ̀kùn fún wọn nítòsí wọ́ọ̀fù, wọ́n funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá wò wọ́n, ó ní, "Ẹ mà ti hu ewú kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn."

Ó kẹ̀yìn sí òkun níbi tí wọ́ọ̀fù ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti ibẹ̀ dé ibi tí òun ti ń dáná nígbà náà, òjìlénígba ìṣísẹ̀ ni, pé ojoojúmọ́ ni òun ń kà á kí òun má bàa ṣìnà nínú ìkùukùu òwúrọ̀. Ó ka ẹ̀pà méjìlá sí ọwọ́. Ogún ìṣísẹ̀, ẹ̀pà kan. Bó ṣe ń rìn ló ń sọ̀rọ̀, Adéjọkẹ́ sì ń kọ ọ́ lórí ìrìn. Ó ní níbí ni àwọn ọkùnrin ti máa ń sá irin sí oòrùn. Ó ní níbí ni òkun ti gbé ọkọ̀ kékeré kan jù sókè ilẹ̀ tòun tèrò. Lucien bi í bóyá omi ni àbí igbó ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Bí òjò bá ń rọ̀, omi ni. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, igbó ni."

Lucien àti Rájí bọ ara wọn lọ́wọ́, kálukú gbà pé òun ló jàre.

Ẹ̀pà kejìlá tán ní iwájú ilé ńlá kan tí wọ́n kùn ní funfun. Kí ẹnikẹ́ni tó rí ohun sọ, ìyá ti wọlé. Obìnrin kan ń bomi rin òdòdó nínú ọgbà, ọ̀dọ́bìnrin tó rẹwà, tó ní ojú ẹni tí kò tíì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Antoinette lorúkọ rẹ̀. Oṣù kejì rèé tí ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá níléeṣẹ́ ìjọba, ti gbé e wá sí Kùtọnú. Ó rí Rájí, ó sì mọ̀ ọ́n.

"Ẹlẹ́búrẹ́dì, ẹ kú ọ̀sán. Ṣé tiwa tí ẹ gbàgbé láàárọ̀ lẹ gbé wá?"

Ojú ti Rájí. Ìyá ló dáhùn. "Ọmọ mi, o gbin òdòdó sórí ààrò mi."

Adéjọkẹ́ yára kúnlẹ̀ díẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ṣàlàyé ẹgbẹ́, kàyé àti wọ́ọ̀fù. Ìyá fi tirẹ̀ kún un: òkúta ààrò òun wà nílẹ̀ níbẹ̀, yangí pupa. Iyanrìn nìkan ni Kùtọnú ní, kò ní òkúta, nítorí náà ni òun ṣe rù wọ́n láti òkè Pobè wá, tí òun fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn kọjá láti Àjàṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rí yangí nínú iyanrìn yìí, tòun ni.

Antoinette wo òdòdó rẹ̀, ó wo ìyá. "Ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn ilé," ló wí, òun fúnra rẹ̀ ló sì sáré lọ mú un wá.

Wọ́n gbẹ́ ihò àkọ́kọ́, wọ́n rí ìgò. Wọ́n gbẹ́ èkejì, wọ́n rí ṣíbí kan tó ti dípẹtà. Ìyá jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú tí Antoinette gbé jáde fún un, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó sì ń ṣàròyé pé ìlú ti ṣí kúrò níbi tí òun fi í sí. Adéjọkẹ́ ló dúró tó ń wo ẹsẹ̀ ìyá.

"Ìyá, ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà náà?"

"Mo tó ogún ọdún. Mo ga jù ọ́ lọ díẹ̀."

"Ìṣísẹ̀ ọmọ ogún ọdún kọ́ lẹ fi kà á lónìí."

Gbogbo wọn wá ń wo ẹsẹ̀ ìyá pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá náà wò ó. "Òótọ́ ni," ó ní, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún.

Wọ́n ní láti tún un kà. Ẹsẹ̀ Lucien gùn jù, Rájí kò sì lè rìn kó má fò. Ó ku Adéjọkẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá ní òun kì í rìn lọ́wọ́ òfo nígbà náà, pé abọ́ omi máa ń wà lórí òun, ẹni tó bá sì ru omi, ìrìn rẹ̀ yàtọ̀. Antoinette pọn omi kún abọ́ irin ńlá kan, ó ká aṣọ ìnura ṣe òṣùká, wọ́n sì gbé e lé Mètírẹ́ẹ̀sì lórí ní ìbẹ̀rẹ̀ wọ́ọ̀fù, lọ́sàn-án Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn èèyàn ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀.

Láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ olùkọ́ ni kò ti ru nǹkan sórí ní gbangba. Ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, omi dà sí i lọ́rùn. Ní ọgọ́rin, ó pàdé ìyá ọmọ kan tó ń kọ́ ní kíláàsì.

"Mètírẹ́ẹ̀sì, ẹ kú ọ̀sán. Ṣé omi ò sí ní Gbégamey ni?"

"Ó wà, ìyá. Ìtàn ni mò ń kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí oǹkà pòórá mọ́ mi lọ́wọ́. Mọ́kànlélọ́gọ́rin."

Obìnrin náà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kà á sókè. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà bá wọn kà á. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọgọ́sàn-án, èèyàn bíi mẹ́wàá ló ń kà lẹ́yìn rẹ̀. Ìtìjú tó ti ń ṣe Adéjọkẹ́ fò lọ, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni pé abọ́ náà ló ń gbé e rìn. Ó wọ ọgbà ilé ńlá náà, ó kọjá òdòdó, ó kọjá ihò méjèèjì, ó yí igun ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró lórí òjìlénígba láàárín ebè sàláàdì tútù yọ̀yọ̀ kan.

"Háà," ni Antoinette wí. "Ti ọkọ mi nìyẹn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbìn ín." Ó ronú díẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀.

Wọ́n ti gbẹ́ ebè náà dé agbedeméjì nígbà tí ọkọ̀ dúdú kan wọ ọgbà. Rigobert, ọkọ Antoinette, sọ̀kalẹ̀ nínú kóòtù funfun. Ó rí ìyàwó rẹ̀ láìwọ bàtà pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Ó rí awakọ̀ búrẹ́dì nínú ihò dé itan, ọkùnrin gíga kan tí ìyẹ̀fun bò, obìnrin kan tí omi rin gbindin, àti arúgbó kan lórí àga rẹ̀. Ó fi èdè Faransé béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀. Adéjọkẹ́ rántí iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo láti ọwọ́ irú ọkùnrin yìí tó láti gbé olùkọ́ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá kò gbọ́ Faransé. "Ọmọ ibo ni ọ́?" ló bi í.

Rigobert fi Faransé sílẹ̀. "Ọmọ Pobè ni mí, ìyá."

"Ṣé bí ọmọ Pobè ṣe ń kí àgbà nìyí?"

Rigobert wo kóòtù rẹ̀, ó wo iyanrìn tútù tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sàláàdì rẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi, wàá dàgbà. Dìde. Gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ó bọ́ kóòtù, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó sì gbẹ́ ilẹ̀ bí ọmọ àgbẹ̀ tó jẹ́ gan-an. Kò pẹ́ tí ṣọ́bìrì fi ró kò. Lucien kúnlẹ̀, ó fọwọ́ wa iyanrìn kúrò. Òkúta pupa kan ni. Rigobert ní ó lè jẹ́ pé ó já bọ́ lára òkúta tí wọ́n ń kó wá fún èbúté tuntun tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Rájí ní ojoojúmọ́ ni òun ń rí ìyẹn, eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jiyàn ni ìkejì yọ jáde, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dúdú fún èéfín. Antoinette dì mọ́ ọkọ rẹ̀ tòun ti ẹrẹ̀. Lucien ya fọ́tò títí fíìmù fi tán.

Wọ́n gbẹ́, wọ́n gbẹ́, wọn kò rí ẹ̀kẹta.

"Ẹ má wulẹ̀ wá a mọ́," ni ìyá wí. "Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ ní ìkangun kejì ibi iṣẹ́ náà ló jí i. N kò rí i mú, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo jí tí mo bá ààrò ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mo bínú, mo di ẹrù mi. Apẹja kan ti ń fẹ́ mi láti Ekpè, mo sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó mú mi lọ. Ọdún méjìdínlógójì la fi jọ gbé, kò bá mi jà rí." Ó gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀kan nínú yangí náà. "Olè yẹn ṣe mí lóore."

Adéjọkẹ́ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Kàyé tútù, ojú ìwé ń ya, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Ìyá sọ orúkọ àwọn ọkùnrin tó jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó máa ń jẹ tó sì ń sá, ẹni tó máa ń sunkún ilé bó bá yó. Rigobert jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ihò, ó ń béèrè ìbéèrè ju akọ̀wé lọ. Antoinette gbé àkàsà àti ẹja jáde, gbogbo wọn sì fọwọ́ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà.

Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, Rigobert ní òun fúnra òun ni yóò gbé ìyá lọ sílé. Ìyá bi í bóyá ọkọ̀ dúdú náà ń sáré ju ti búrẹ́dì. Ó ní ó ń sáré jù ú lọ fíìfíì. Gbogbo wọn há ara wọn mọ́ inú rẹ̀, Antoinette náà kò jókòó sílé.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí wọ́n dé Ekpè. Ọlábísí jáde, ó rí ìyá rẹ̀ tí ọ̀gá ìjọba kan, tí ẹrẹ̀ kún orúnkún rẹ̀, ń fà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ dúdú, àwọn mẹ́rin mìíràn sì ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, funfun, tútù, láìwọ bàtà. Ó la ẹnu láti béèrè.

"Ọmọ mi, má bi mí ní nǹkan kan," ni ìyá wí. "Omi wíwẹ̀ ni kó o gbé fún mi."

Adéjọkẹ́ fẹ́ kúnlẹ̀ kí Ọlábísí, kó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Orúnkún rẹ̀ kan iyanrìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀ dípò ọpẹ́.