Ògiri Tó Mumi Yó

Péńtà fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó gbé e kúrò, ó wò ó, ó tún fi í lé e. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ògiri náà bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àṣírí. Ìyá Olórin dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá omi lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Ìyá, ṣé páìpù kan bẹ́ nínú ògiri yìí ni?"

"Páìpù báwo? Kò sí páìpù níbẹ̀."

"Àbí òjò ń jò wọlé?"

"Òrùlé tuntun! Má jẹ̀ẹ́ kí káfíńtà gbọ́ ohun tó o sọ yẹn o."

"Ó dáa. Níbo lomi yìí ti ń wá?"

Ìyá gbé korobá sókè tìdùnnú-tìdùnnú, bí ọmọ tó mọ ìdáhùn kí olùkọ́ tó béèrè. "Èmi ni mò ń bomi rin ín. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. N ò fo ọjọ́ kan rí."

Péńtà jókòó sórí agolo ọ̀dà rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Látìgbà tí Bíríkìlà ti rẹ́ ẹ tán. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún la wà yìí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Péńtà, ó rín in títí tí agolo fi ń mì lábẹ́ ìdí rẹ̀. "Ìyá! Ọjọ́ méje ni! Ọjọ́ méje péré, kí sìmẹ́ńtì lè le dáadáa. Ẹ wá sọ ògiri di odò."

"Bíríkìlà ní kí n máa bomi sí i títí òun ó fi dé. Ṣé ó ti dé ni?"

Bíríkìlà ò tíì dé lóòótọ́. Iṣẹ́ mìíràn ló bá lọ, ó sì jọ pé iṣẹ́ náà ti gbé e mì.

"Bí mo bá kun eléyìí lónìí," ni Péńtà wí, ó ń nu omijé ẹ̀rín nù, "kó tó di Sátidé, ọ̀dà á ti máa bó bí awọ ejò. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹ sì jọ̀ọ́, Ìyá mi dáadáa, ẹ gbé korobá yẹn pamọ́."

Ẹ̀rín kú lójú Ìyá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọjọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí gan-an lọkọ rẹ̀ fẹ́ padà wálé.

Baba Ógúnrégé ni wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ bíríkìlà, kò sì sí ògiri tó mọ tí kì í dúró níwájú rẹ̀, kó di ojú kan, kó fi èkejì wò ó látòkè délẹ̀, kó wá ní, "Ó gún régé." Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé wọn, yàrá lókè, pálọ̀ àti ilé ìdáná nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún láàárín. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọṣẹ́. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn mọ́. Àwọn ọmọ ní kí wọ́n tẹ́ ibùsùn sí pálọ̀ fún un. Baba ní rárá o, òun ò ní sùn síbi tí ẹni tó wá béèrè ọ̀nà yóò ti máa bá òun nínú aṣọ ìsùn. Ó gba ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ, ilé tí kò ní àtẹ̀gùn. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi yàrá kan kún ilé nísàlẹ̀, ọjọ́ náà lòun ó padà.

Bíríkìlà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, Baba ló kọ́ ọ níṣẹ́ láyé ọjọ́un, kó tó yọ ikùn, kó tó di ọ̀gá. Ó fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ó gbórí sókè, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Màmá."

Oṣù keje nìyí. Ìyá ti wá mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń sọ yìí, kì í ṣe èyí tó wà lára kàlẹ́ńdà. Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀, òjò kún inú rẹ̀, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kó dé pẹ̀lú gbogbo ẹbí wọn, ó gba odindi ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Búlọ́ọ̀kù dé, wọ́n ní kò tíì gbẹ tó. Káfíńtà ní òun ò lè wá àfi tí ògiri bá ga dé òkè. Ògiri ga dé òkè, káfíńtà ò sí nílé. Ilẹ̀kùn dé, ó há débi pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pá rìn wọlé àfi kó fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn, ni wọ́n bá tún fọ́ ògiri. Ẹnì kan ń dúró de ẹnì kejì, ẹnì kejì ń dúró de ẹ̀kẹta, gbogbo wọn ń sọ fún Ìyá pé, "Lọ́la, Màmá."

Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ẹyọ kan ló kàn án: omi yìí. Inú rẹ̀ sì dùn sí i dẹ́yìn. Àwọn aládùúgbò kò déédéé pè é ní Ìyá Olórin, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá ń fi ike bu omi sí ògiri, á máa kọrin báyìí:

*Mumi o, ògiri, mumi yó,*
*Onílé ń bọ̀ wá sinmi tì ọ́;*
*Mumi o, ògiri, má tú o,*
*Ẹni tó kọ́lé ń bọ̀ wálé o.*

Nírọ̀lẹ́, bó ti ń bu ú lọ́wọ́ báyìí ni fóònù á dún. Baba ni. Ìyá á gbé fóònù sójú fèrèsé, á jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ sókè.

"Olórin, ṣé o ti bomi sí i?"

"Mò ń bu ú lọ́wọ́."

"Ó dáa. Rọra máa bu ú."

Irú ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ìyá pààrọ̀ aṣọ, ó wọkọ̀ lọ bá Baba. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, ó ń to ọ̀rọ̀ lẹ́nu, bó ṣe máa bẹ̀bẹ̀: pé òun ò mọ̀, pé àìmọ̀ ni, pé wọn ò sọ fóun. Ó tò ó dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró.

Ó rántí ṣọ́ọ̀kì.

Láyé ìgbà tí Baba ń ṣiṣẹ́, bó bá ti rẹ́ ògiri tán, yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sókè ògiri, lábẹ́ òrùlé, ọjọ́ kan, ìlà kan. Bó bá pé méje, á nu gbogbo rẹ̀ nù, á pàṣẹ pé, "Omi tó." Ọmọ iṣẹ́ tó bá bomi sí i lọ́jọ́ kẹjọ, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ. Ogójì ọdún! Ọkùnrin yẹn náà ló ń bi òun lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún bóyá òun ti bomi sí i?

Orin kankan ò jáde lẹ́nu Ìyá títí ó fi débẹ̀.

Àǹtí Pẹ̀lẹ́, àbúrò Baba, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Obìnrin tí kì í fẹ́ ariwo ni. Àga ilé rẹ̀ pàápàá ń wọ aṣọ lẹ́sẹ̀ kó má baà dún. "Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀. Ẹ rọra o."

Baba jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n fóònù ti wà lórí itan rẹ̀.

"Olórin! Kí ló dé? Ṣé ilé ò jó?"

"Ilé wo ló máa jó? Ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Baba wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Péńtà ti dé nìyẹn."

"Ó ti dé. Ọjọ́ mélòó là ń bomi rin ògiri, Baba?"

"Méje."

"Ẹ sì ń bi mí lálaalẹ́."

"Mò ń bi ọ́." Ó ń yí fóònù náà po lórí itan. "Lọ́jọ́ kẹjọ, mo fẹ́ sọ fún ọ. Mo ní kó o kọrin tán ná. O kọrin tán, n ò lè sọ ọ́ mọ́. Ilé yìí dákẹ́ jù, Olórin."

"Mo gbọ́ yẹn o," ni Àǹtí Pẹ̀lẹ́ wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. "Orin nìkan kọ́. Orin, mo lè kọ ọ́ sí yín létí nílé."

Baba na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀. "Ṣé o rántí bí mo ṣe jáde nílé wa? Wọ́n gbé mi ni. Iwájú àtẹ̀gùn tí mo fọwọ́ mi mọ ni wọ́n gbé mi gbà. Mo ní n ò ní jẹ́ kí wọ́n tún gbé mi wọlé. Láti ẹnu géètì dé yàrá tuntun yẹn, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni. Bí ògiri bá gbẹ kí ẹsẹ̀ mi tó lè rìn ín, wọ́n á tún gbé mi."

"Ẹ ti rìn mélòó?"

"Mọ́kànlá. Ní ìdájí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Kó, kó, kó," ni Àǹtí Pẹ̀lẹ́ tún wí, "ọ̀pá ń dún bí ẹyẹ tó ń sọ igi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú wọn lọ."

Ìyá wo ẹsẹ̀ òsì náà. Ó ti fẹ́ bínú, ó ti gbé ìbínú náà dé ẹnu ọ̀nà, kò mọ ibi tó máa gbé e sí mọ́. "Ẹ dìde," ló wí. "Ká máa lọ."

"Ògiri ò tíì gbẹ."

"Ẹsẹ̀ náà ò tíì gbẹ. Ẹ dìde."

"Níbo ni n óò sùn?"

"Pálọ̀."

"Bí àlejò?"

"Èmi náà á sùn síbẹ̀. Ká jọ ṣe àlejò."

Ní ìrọ̀lẹ́, Baba Ógúnrégé rìn ìṣísẹ̀ mọ́kànlá láti ẹnu géètì. Ìyá Olórin ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àga ilé ìdáná lọ́wọ́, bó ti pé mọ́kànlá ló ti àga sí i nídìí. Ó mí, ó dìde, ó tún rìn mọ́kànlá mìíràn, àga tún pàdé rẹ̀. Ìṣísẹ̀ méjì tó kù ló fi wọ yàrá.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. "Ta ló ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Péńtà."

"Péńtà ò mọ nǹkan kan. Mẹ́rin." Ó jókòó sórí àga, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo iṣẹ́ ẹni tó kọ́ níṣẹ́ látòkè délẹ̀. Ó pẹ́ gan-an níbẹ̀. "Ó gún régé," ló wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ò sì ga.

Àsìkò omi ti tó. Ìyá fúnra rẹ̀ ò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti na sí korobá. Ó fà á padà. Baba wò ó, ó wo fèrèsé tí fóònù máa ń wà.

"Kọ ọ́," ló wí. "Ògiri nìkan la ní kó má mu."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ orin náà láìsí omi. Baba ti àpò rẹ̀ mú ṣọ́ọ̀kì kúkúrú kan jáde, èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ó na ọwọ́ dé ibi tó lè dé, ó fa ìlà kan sára ògiri tútù náà. Ọjọ́ kìíní.

Ìyá rí i pé ìlà náà ò súnmọ́ òrùlé. Ó wà nísàlẹ̀ pátá. Kò dá orin dúró. Ó dojú korobá dé, ó jókòó lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó wá gbójú sókè wò ó.

Láti ibi tó jókòó sí, ìlà náà ga dáadáa.