Bóòtù Tó Ṣẹ́kù Nílẹ̀

"Èyí ńkọ́, sà?" Nọ́ọ̀sì na ìka sí bóòtù kan tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páńpù, tòun ti nọ́ọ̀tì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Àkísà ló fi ń nu ọwọ́. Láti òwúrọ̀ ló ti dá alùpùpù Nọ́ọ̀sì dúró sáàárín àgbàlá, tó tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, tó fi irin pẹlẹbẹ yọ táyà tó ti dán kúrò lára ríìmù, tó sì fi tuntun sí i. Iṣẹ́ fọganáísà ló fi jẹun kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, kí ìyàwó rẹ̀ tó kú, kó tó kó wá sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ta ló wá tó bẹ́ẹ̀ láti gbé táyà jáde nílé lọ fún ẹlòmíì?

"Àlékún ni," Ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Àwọn tó ń ṣe máṣíìnì yìí kàn ń to bóòtù jọ bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ti wọlé, ó ń yí. Kí lo tún ń fẹ́, ìyàwó wa?"

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

Ọkọ rẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yà alùpùpù ni ọkùnrin náà ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wo bóòtù, ó wá gbójú sókè, ó ń wo òrùlé bí ẹni pé ibẹ̀ ń jò. Ẹni tó máa ń fi ẹnu tajà fún gbogbo ayé, ẹnu rẹ̀ wọ nílé ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì pe ọkọ rẹ̀ wọ ilé ìdáná.

"Dádì, níbo ni bóòtù yẹn ti jáde?"

Ọkọ rẹ̀ họrí. "Òun ló de irin tó di búrékì ẹ̀yìn mú."

"Tí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

"Téèyàn bá tẹ búrékì dáadáa… ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè há lójijì."

Àràárọ̀ ni Nọ́ọ̀sì ń gun alùpùpù yìí sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lọ sí ibi iṣẹ́, àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù níwájú. Kò sí bí èèyàn ṣe máa sọ òkè yẹn láìtẹ búrékì.

"O mọ̀, o sì dákẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ mi dàgbà. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí nìkan ló kù tí wọ́n fi ń mọ ara wọn lọ́kùnrin. Ṣé kí n wá dójú tì wọ́n níwájú ìyàwó?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àgbàlá ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Tí wọ́n bá lọ kí ọmọ wọn ní Sátidé, màá yọ́ ọ ṣe. Máa rọra gùn ún ná."

"Kí n máa rọra?"

"Búrékì iwájú ni kó o máa lò."

Inú bí Nọ́ọ̀sì. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ẹsẹ̀ yẹn wò. Ọkàn mi ò balẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú. "Abẹ́rẹ́ nìyẹn, ìyàwó, táyà nìyí. Àbúrò, sọ fún un. Ṣé bóòtù yẹn wúlò?"

Ọkọ rẹ̀ ní, "Kò wúlò, Ẹ̀gbọ́n. Àlékún ni."

Ó sọ ọ́ lójú Nọ́ọ̀sì.

"O gbọ́? Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó." Inú Ẹ̀gbọ́n dùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá, ó jókòó sẹ́yìn alùpùpù. "Ó yá, àbúrò, gbé mi sọ òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí ọkàn ìyàwó lè balẹ̀."

"Rárá!" Ọkọ Nọ́ọ̀sì fò mọ́ alùpùpù, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ jọ̀ọ́! Búrékì yẹn máa há, ó máa gbé yín ṣubú!"

Ẹ̀gbọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri títí ó fi rí bóòtù náà, ó sì gbé e sún mọ́ ojú.

"O mọ̀?"

"Mo fẹ́ tún un ṣe ní Sátidé."

"Ìyàwó tó máa gùn ún lọ́la ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ wo Nọ́ọ̀sì, ó sì wolẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fa àpótí ìjókòó, ó sì mú sípánà nílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ nawọ́ pé kó gbé e wá.

"Fi sílẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa sọ fún mi, èmi á máa tú u. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n tú fúnra mi."

"Nọ́ọ̀tì ńlá yẹn ni kó o kọ́kọ́ mú," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀tì náà le. Nọ́ọ̀sì fi gbogbo ara tẹ sípánà títí ó fi yí. Ọkọ rẹ̀ dúró tì wọ́n, ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́.