Búrẹ́dì Ìyàwó Nínú Ilẹ̀ Gbígbóná

Ojú Ketill, àfẹ́sọ́nà mi, ló mú mi. Ojú náà dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Nítorí ojú yẹn ni èmi Sólrún, ọmọ Hallur apẹja, ṣe fi etí òkun sílẹ̀, tí mo tẹ̀ lé e wá sí abúlé wọn lẹ́sẹ̀ òkè ayọnáyèéfín.

Lọ́dọ̀ wọn, inú ilẹ̀ ni búrẹ́dì ti ń jinná. Lẹ́bàá adágún, níbi tí èéfín ti ń rú látinú iyẹ̀pẹ̀ pupa, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀. Wọ́n á po ìyẹ̀fun dúdú mọ́ ṣúgà, wọ́n á dì í sínú agolo, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án, ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó hú u. Ìyàwó kì í wọlé ọkọ láìjẹ́ pé ìyá ọkọ ti jẹ búrẹ́dì tí ìyàwó náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ rì. Bó bá rọ̀, tó pọ́n bí oyin, ilẹ̀ ti gbà á nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀.

Tèmi jóná.

Gróa, ìyá Ketill, fi ọ̀bẹ gé e lójú gbogbo àlejò. Ọ̀bẹ ń ha á bí ẹni ń ha òkúta.

"Ọmọ Hallur, búrẹ́dì ni mo ní kí o ṣe. Ta ló rán ọ ní èédú?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Bí ẹ ṣe fi hàn mí gẹ́lẹ́ ni mo ṣe rì í."

"Bí mo ṣe fi hàn ọ́? Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, agolo mi kò jóná rí! Ọwọ́ tó ń fa ìfun ẹja ni ilẹ̀ kò fẹ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo wo Ketill, mo ń retí kó ní, "Màmá, ó tó." Bọ́tà ló ń fi pa ẹja rẹ̀.

Lóde ló tó dì mọ́ mi. "Olólùfẹ́ mi, tún un ṣe. Nítorí tèmi." Bó ṣe pè mí bẹ́ẹ̀, gbogbo ara mi yọ́. Mo gbàgbé ẹ̀rín wọn pátápátá.

Mo tún un ṣe, mo sì tètè hú u. Ó dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, bí mo ṣe kúnlẹ̀, ilẹ̀ ta mí lórúnkún gba inú aṣọ onírun àgùntàn kọjá. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Yìnyín tó máa ń dúró sí etí ihò ti yọ́ sẹ́yìn dé ìdí àpáta.

Mo sáré délé. "Ìyá, ilẹ̀ ló ń gbóná sí i! Iná inú ilẹ̀ ti ń gòkè bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni débẹ̀ mọ́."

"Ẹ gbà mí o!" Gróa pàtẹ́wọ́. "Kò mọ búrẹ́dì ṣe, ó wá ń purọ́ mọ́ ilẹ̀. Bó bá dọ̀la, á ní òkè ló da iyọ̀ sọ́bẹ̀."

"Ketill, jọ̀ọ́, wá fọwọ́ kàn án fúnra rẹ."

Ó wolẹ̀. "Sólrún, má dójú tì mí. Ṣé o ò kàn lè bẹ̀ wọ́n ni?"

Gróa ti ń po ìyẹ̀fun tirẹ̀. "Inú ihò kan náà ni màá rì í sí. Lọ́la, gbogbo abúlé á rí i. Bó bá ti rọ̀, di ẹrù rẹ kí kọfí tí a ó fi jẹ ẹ́ tó tutù."

Lọ́jọ́ kejì, mo dì mọ́ apá Gróa lẹ́nu ọ̀nà. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó gbé ṣọ́bìrì lé èjìká, ó ń kọrin lọ. Àwọn aládùúgbò tẹ̀ lé e láti wá fi mí rẹ́rìn-ín. Ó hú agolo náà, ó gbé e sókè bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ.

"Ọmọ Hallur, wò ó!"

Ó yí padà sí mi, ó tẹ ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ilẹ̀ já. Ó rì dé orúnkún sínú ẹrẹ̀ tó ń hó.

N kò ní gbàgbé igbe yẹn. Ketill fà á jáde. Ìbọ̀sẹ̀ bọ́, awọ ẹsẹ̀ sì bá a bọ́.

Wọ́n gbé e lọ sílé. Dókítà ṣì wà lójú ọ̀nà. Ìdí agolo ni mo bá Ketill. Ó ti ṣí i. Búrẹ́dì ìyá rẹ̀ dúdú kirikiri, ó le, gẹ́gẹ́ bí tèmi. Ó wò mí pẹ̀lú ojú tó mú mi kúrò nílé bàbá mi yẹn. Ó wá ju gbogbo rẹ̀ sínú adágún.

"Ketill! Ẹ̀rí mi nìyẹn!"

"Ẹsẹ̀ wọn ti lọ," ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ṣé kí n tún gba iyì yìí lọ́wọ́ wọn?"

"Èmi ńkọ́?"

Ó wọlé, mo tẹ̀ lé e.

Gróa nà sórí ibùsùn, ojú rẹ̀ funfun bí ọ̀rá àgùntàn, ó ń gbọ̀n.

"Ketill," ó ní. "Búrẹ́dì mi. Ṣé ó rọ̀?"

"Ó rọ̀, Màmá. Ó pọ́n bí oyin."

Gróa rọra yí orí sọ́dọ̀ mi. Ètè rẹ̀ ya sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọmọ Hallur," ó ní, "kọfí ti ń tutù."