Ọ̀rọ̀ Kékeré Tí Debe Sọ

Ibi tí Chuko ti ń fi òkúta fọ́ ẹ̀pà mongongo, èso igi kan tó le, ló ti rí Debe, ọkọ rẹ̀, tó ń bọ̀ láti ìgbẹ́ ọdẹ, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Debe jókòó sẹ́bàá iná wọn, ó gbé apó ọfà sílẹ̀, ó dákẹ́. Bí ọdẹ tó gbọ́n ṣe ń ṣe ní aginjù Nyae Nyae nìyẹn. Ta ló jẹ́ pariwo ẹran tó pa? Wọ́n á fi ẹnu gún olúwarẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ á fi tutù, torí ẹni tó bá ń fọ́nnu lónìí, ọ̀la ni yóò fẹ́ máa pàṣẹ fáráyé.

Besa, bàbá àgbà Chuko, ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Òun àti Debe kì í ríra láìfi àwàdà bú ara wọn.

"Ìwọ ọ̀lẹ yìí, kí lo rí lónìí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá. Mi ò mọ ọdẹ ṣe. Nǹkan kékeré kan lásán ló gún mi lẹ́sẹ̀."

Ojú Besa tàn yanran. Ó ti pẹ́ tí ẹran ti kàn wọ́n lẹ́nu. Tí ọdẹ bá ní ẹran kékeré lòun rí, àgbọ̀nrín ni. Tó bá wá ní òun ò rí nǹkan kan, áà, ìrá tó tó màlúù ti wó lulẹ̀ nìyẹn! Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe kéré tó ni ẹran ṣe ń tóbi tó.

"Ẹ gbọ́ o!" Besa bú sẹ́rìn-ín. "A máa wá rin oòrùn lọ́la nítorí egungun òòrẹ̀ lásánlàsàn!"

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún igún," ni Bau, ìyàwó Besa, dá sí i. "Ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, kí ló lè pa?"

Gbogbo àgọ́ rẹ́rìn-ín. Besa yọ ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn.

Chuko náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó tún wo ojú Debe. Tí Debe bá ń fi ẹnu rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó máa ń gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lónìí, òógùn ló bo iwájú orí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń bẹ Chuko. Chuko sún mọ́ ọn.

"Debe, kí ló gún ọ?"

"Mo ṣubú lórí apó. Ọfà ni."

Ẹ̀yìn ẹnu ọfà ni wọ́n máa ń fi oró tó ń pa ẹran sí, kí ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ṣèèṣì họ má baà kú. Ṣùgbọ́n èyí ti wọlé jìn dé ibi oró.

"Kí ló dé tó ò pariwo?"

"Mo ti sọ ọ́, Chuko. Mo ní nǹkan gún mi. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín."

Ẹ ò rí nǹkan! Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ láti sọ ohun ńlá di kékeré. Ta ló kọ́ ọ láti sọ ohun tó wà bó ṣe wà?

"Ẹ gbà mí o! Ọfà gún Debe, ó ń kú lọ!" Chuko figbe ta.

"Ẹ wo ìyàwó alákẹ́jù," Bau fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀gún gún ọkọ, ó ti sọ ọ́ dòkú."

Chuko já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ Besa. Ẹ̀rín dá. Ó ká awọ ìbàdí Debe sókè: ihò kékeré kan rèé ní itan, àyíká rẹ̀ sì ti dúdú. Tí kò bá gé e, Debe á kú. Tó bá gé e jù, òun ló pa á. Ó di ojú, ó là á. Ó fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà, ó tu ú dànù, ó tún fà á, títí Besa fi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì gba iṣẹ́ náà ṣe.

"Ìgbà wo ló gún ọ?" Besa bi Debe.

"Oòrùn ṣì wà láàárín orí."

Oòrùn ti fẹ́ẹ̀ wọ̀. Besa gbójú sókè láti ara ọgbẹ́ náà.

"Báwo ló ṣe rí lára rẹ, ọmọ mi? Má fi pamọ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá."

Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin níbẹ̀ rí. Besa jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà.

"Ó ń ba èmi náà. Èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín." Ó yíjú sí Chuko. "Ẹran tí oró yìí bá pa, ìtọ̀ rẹ̀ máa ń dúdú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wo ti ọkọ rẹ. Tó bá dúdú, ká má tan ara wa jẹ."

Ilẹ̀ mọ́. Debe tọ̀ sínú èèpo ẹyin ògòǹgò, Chuko sì gbé e jáde, ṣùgbọ́n kò lè wo inú rẹ̀.

"Dà á sórí iyẹ̀pẹ̀, ọmọ mi," Bau rọra wí.

Ó dà á. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí oyin tí wọ́n fi omi là. Kò dúdú rárá.

Ìgbà náà ni ìbẹ̀rù tó ti ń gbé mì láti àná ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ó. Ó jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, Bau àti Besa sì dì í mú. Debe pè é láti inú ahéré, ó ní ebi ń pa òun, Chuko sì padà sídìí òkúta àti ẹ̀pà mongongo rẹ̀.