Èwo Ni Kékeré Nínú Ajá Méjèèjì?

Ọjọ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa odindi ìran ajá run, ẹnu lásán ni mo fi ṣe é.

Alágùntàn, aládùúgbò mi, ló fi ẹsẹ̀ rọ́. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti ń mú ajá tèmi lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kó fa tirẹ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni tirẹ̀ fẹ́ gbà. Tèmi ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ lọ́dàá, nítorí kò sí abo ajá kan ládùúgbò tí kò tíì fún lóyún. Oníranù gbáà ni.

Ajá adaran ni àwọn méjèèjì: irun gígùn pupa rúsúrúsú, ọrùn funfun, ẹnu ṣóńṣó. Ẹ óò ní ìyá kan ló bí wọn. Ṣùgbọ́n ìran tèmi kì í ga: ọmọ ọdún márùn-ún ni, kò kọjá orúnkún mi. Ìran ti Alágùntàn ló ń ga: oṣù márùn-ún péré ni tirẹ̀, ó sì ti fi díẹ̀ ju tèmi lọ. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ìran àwọn ajá tí baba Alágùntàn fi daran. Bí kò bá gun abo, ìran náà parí nìyẹn.

Ní ọ̀dọ̀ dókítà, nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Màámá, èwo la fẹ́ tẹ̀?"

"Kékeré ni, ọmọ mi. Èkejì, abẹ́rẹ́ ni."

Mo sáré lọ tọ̀. Ìtọ̀ àgbà kì í dúró gbọ́ àlàyé. Nígbà tí mo padà dé, ajá kan ló kù nídìí àga. Mo ń ki í: "Pẹ̀lẹ́, ajá Alágùntàn, abẹ́rẹ́ kì í pani." Ni ajá bá gùn mí lẹ́sẹ̀, ó ń mi ìdí!

Oníranù mi nìyí! Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ó kéré. Ọwọ́ ọmọ ajá Alágùntàn fẹ̀ bí ìpọnkọ.

Mo já ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ wọlé. Bàtà mi bọ́, mi ò wẹ̀yìn. Ọmọ ajá náà ti sùn fọnfọn lórí tábìlì, ó dojú sókè, wọ́n ti fá abẹ́ rẹ̀ kodoro. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ dókítà.

"Ẹ dúró! Ẹ má gé e!"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Nọ́ọ̀sì figbe ta: "Màámá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kékeré! Mo la ẹnu wọn wò. Èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín ni."

"Èyí tó kúrú ni mo pè ní kékeré!"

"Àbúrò mi ga jù mí lọ fíìfíì. Ṣé èmi wá ni àbúrò rẹ̀?"

Ọmọdé yìí fẹnu borí mi. Èmi! Èmi tí wọ́n ń pè ní Asọ̀rọ̀-bí-ẹ̀rọ.

Tèmi ò kúkú bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Àmọ́ ìka ni mo nà sí i lójú wọn, mi ò fẹnu pè é mọ́.

Nígbà tí mo dé ilé Alágùntàn, irọ́ ti wà lẹ́nu mi ní sísè, pé nítorí eégbọn ni wọ́n ṣe fá irun abẹ́ ajá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò jẹ́ kí n lè pa irọ́ náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó fi ìdí wọ́ wá sọ́dọ̀ ajá, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó di ojú.

"Méjèèjì ń bẹ."

Ló bá bú sẹ́kún, géńdé ọkùnrin! Ó nu imú.

"Ìyá àgbà, láti òní lọ, ohunkóhun tó bá ní kóró nínú ilé yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Títí kan èmi alára."